Ibi Tí Ìyá Kì Í Dé

Wíwo fíìmù ni Olúfọlákẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà ní Okota ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé báyẹn, tí gbogbo ilé ti ń pè ní lọ́yà láti kékeré, ló wá gbéra tó lọ jókòó sí kíláàsì, tó ń wo fíìmù! Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Akínbọ̀wálé, tí Fọlákẹ́ ń pè ní Ọ́ńkù Akin, ló máa ń dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ jù. Bó bá ti rí i pé ó ti iléèwé dé, á ní, "Dókítà fíìmù, èwo lẹ wò lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló pa á? Ta ló fẹ́ ẹ?" Ìyá rẹ̀ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í gbèjà rẹ̀ náà. Báàgì ìrìnàjò àti àgádágodo ni ìyá ń tà ní Apakun, fún àwọn tó ń lọ wọ bàálù alẹ́, ọ̀sán ló sì máa ń jáde nílé. Ohun tó mọ̀ nípa ìwé ni pé kí ọmọ òun kà á tán.

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀. Yunifásítì tó wọ̀ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọjú mọ́ nǹkan kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní fíìmù lòun fẹ́ kọ́, àfi kó kọ́ ìtàn, kó kọ́ ewì, kó jókòó ti àwọn ọlọ́gbọ́n tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni òtítọ́, kó tún mọ bí ewéko ṣe ń mí. Ọ́ńkù Akin gbọ́ ti ewéko, ó pariwo: "Yéè! Ewé tún dé inú fíìmù? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti wọ gàù!" Fọlákẹ́ náà rò pé òun ti wọ gàù. Ọdún kan gbáko ló fi ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó gbé òun débẹ̀.

Súnkànmí nìkan ló gbèjà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí, bàbá wọn sì ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ fídíò ni Súnkànmí ń ṣe ní Òṣòdì. Bí ẹnì kan bá ń ṣègbéyàwó, tàbí tí ìjọ kan ń ṣe àjọ̀dún, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá yà á. Kò kàwé kọjá girama. Ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, iná ló kọ́kọ́ ń gbé tẹ̀ lé e kiri, ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Nígbà tí gbogbo ilé ń pariwo lọ́yà, lọ́yà, òun ló fa Fọlákẹ́ sẹ́yìn ilé tó ní kó má dá wọn lóhùn. Ó ní, "Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń yà á. Ìwọ lọ kọ́ ìdí tí wọ́n fi ń yà á. Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, wá sọ fún mi."

Bí Fọlákẹ́ bá wálé, wọ́n á gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa wo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Á dá fíìmù dúró, á ní, "Wò ó, ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹni tó yà á fi jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀?" Súnkànmí á ní, "Ó gbàgbé láti tì í ni." Wọ́n á jiyàn, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan Fọlákẹ́ sọ fún un pé Dókítà Abórìṣàdé, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní fíìmù, ní ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ ló ń pinnu ohun tí àwọn ènìyàn kò ní rí. Súnkànmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé dókítà yín ti ya ìgbéyàwó rí? Ìyá ìyàwó ló ń pinnu!" Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, Fọlákẹ́ gbọ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù bí ẹni pé òun ló rò ó. Inú Fọlákẹ́ dùn ju ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí yunifásítì lọ.

Fọlákẹ́ wà ní ọdún kẹta nígbà tí kíndìnrín Súnkànmí daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e padà, wọ́n tún gbé e lọ. Nígbà tó yá, wọn ò gbé e padà mọ́. Ikú dóró o! Ọkùnrin tó ń ya ìgbéyàwó gbogbo ayé, kò ṣe tirẹ̀. Kò bímọ, kò kọ́lé, ìyá rẹ̀ ló sì ṣẹ́kù tí yóò máa jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe irú òkú bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í fi í pẹ́ nílẹ̀, a kì í pe èrò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sin ín. Òbí kì í débẹ̀, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ìsarà ni wọ́n ti wá, Kìrìsìtẹ́nì sì ni wọ́n láti ayé bàbá bàbá wọn, ṣùgbọ́n kò sí pásítọ̀ tó máa bá àgbà Ìsarà jiyàn lórí èyí. Ọ́ńkù Akin jókòó ti ìyá nínú yàrá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Babáwálé, ọ̀rẹ́ Súnkànmí, ló kó àwọn ẹgbẹ́ wọn jọ. Àbúrò ni Fọlákẹ́, èèwọ̀ kò kan tirẹ̀, ó bá wọn lọ. Bó ṣe ń jáde ló mú kámẹ́rà Súnkànmí dání. Bí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé, kò ní lè ṣàlàyé. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá ohun tó máa dì mú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fẹ́ bínú. Babáwálé ní, "Fi í sílẹ̀. Ayẹyẹ ta ni Súnkànmí kò yà nínú wa?"

Ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ kékeré kan ni, lápá Ìsọlọ̀. Ògiri gíga yí i ká, wọn ò kọ nǹkan kan sára rẹ̀, ẹni tó ń kọjá lójú títì lè rò pé wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti tètè rí ààyè ni Babáwálé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ẹkún wà lójú wọn, kò sí èyí tó rántí béèrè ọ̀nà tí ìyá olóògbé ń gbà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ará ilé ti ń pe ìyá náà ní Ìyá Fọlákẹ́, kí ẹnu wọn má baà máa tẹ egbò. Ó ń jẹ́ wọn lóhùn.

Ọdún ìparí dé. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ṣe fíìmù kan kó tó lè jáde. Àwọn ẹgbẹ́ Fọlákẹ́ ń ṣe ti olólùfẹ́, wọ́n ń ṣe ti ajínigbé. Òun jókòó ti àwọn fídíò tí Súnkànmí fi sílẹ̀, àwọn àjẹkù tí oníbàárà kò fẹ́: ọmọdé tó sùn lọ lábẹ́ tábìlì níbi ìgbéyàwó, ìyá àgbà tó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀, ọkọ ìyàwó tó ń dá sọ̀rọ̀ níwájú dígí. Ohùn Súnkànmí kún inú wọn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà: "Dádì oní-fìlà pupa, ẹ sún wọlé díẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ayẹyẹ!" Ojú rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń ya gbogbo ènìyàn, ta ló ń ya òun? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló hàn dáadáa, nínú dígí ọkọ ìyàwó yẹn, ó fi èjìká gbé kámẹ́rà, ó ń fa ojú ro bí ọmọ ìkókó tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Fọlákẹ́ wo ibẹ̀ títí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì fi ibi sàréè parí rẹ̀.

Dókítà Abórìṣàdé wò ó tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Obìnrin tí kì í yin ènìyàn ni. Ó ní, "Fọlákẹ́, ibi sàréè yìí ni fíìmù rẹ wà. Mi ò fẹ́ kó o fọwọ́ kàn án."

Ó jẹ́ àṣà ẹ̀ka wọn pé kí àwọn tó ń parí pe àwọn ará ilé wọn wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn nínú gbọ̀ngàn. Fọlákẹ́ ti pinnu pé òun kò ní mẹ́nu bà á nílé. Ṣùgbọ́n Babáwálé ti sọ fún Ọ́ńkù Akin, Ọ́ńkù Akin sì ti sọ fún ìyá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá pè é lórí fóònù.

"Mo gbọ́ pé o fi ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe fíìmù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́mì."

"Mò ń bọ̀ wá wò ó."

"Mọ́mì, ọ̀nà jìn o. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wálé, ká jọ wò ó lórí láptọ́ọ̀pù."

"Mo ní mò ń bọ̀. Ibi tí gbogbo ayé bá ti ń wo ọmọ mi ni èmi náà ti máa wò ó. Mo fẹ́ rí i kó máa sọ̀rọ̀, Fọlákẹ́. Mo fẹ́ rí i kó máa sọ̀rọ̀."

Ìdààmú dé. Bí Fọlákẹ́ bá fi sàréè sílẹ̀ nínú fíìmù, òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìyá rẹ̀ dé ibi tí ìyá kì í dé. Bó bá yọ ọ́, ó ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tó ṣe nítorí Súnkànmí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ náà nìkan ló kù tó lè fi sọ ìdí tí wọ́n fi ń yà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tọ Dókítà Abórìṣàdé lọ.

Olùkọ́ náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Fíìmù kì í bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni, Fọlákẹ́. Kọ́ ìyá rẹ kó mọ̀ pé ayé ti yí."

Ọ̀rọ̀ náà bí Fọlákẹ́ nínú. Ó kúnlẹ̀ kó má baà dà bí àrífín, ṣùgbọ́n ó sọ tẹnu rẹ̀. "Ẹ má bínú mà. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa níbí, ìtàn o, ewì o, ti àwọn ọlọ́gbọ́n o, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè: ta ni nǹkan yìí máa dùn, ta ló máa pa lára? Mi ò lè ní mo kọ́ ọ kí n wá gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó kan ìyá mi."

Ohùn Dókítà Abórìṣàdé rọ̀. "Dìde. Àbúrò mi ọkùnrin kú ní kékeré. Títí màmá wa fi lọ, kò sẹ́ni tó fi sàréè rẹ̀ hàn wọ́n. Lọ ṣe é bó o bá ti fẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí fíìmù náà tiro níbi tó o ti gé e."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Fọlákẹ́ rí ọgbọ́n dá. Ó yọ àwòrán sàréè kúrò pátápátá. Gbogbo ojú fíìmù yóò dúdú biribiri, ohùn nìkan ni yóò kù: ṣọ́bìrì tó ń wọnú yẹ̀pẹ̀, Babáwálé tó ń gbàdúrà tí ohùn rẹ̀ ń já. Lẹ́yìn ìyẹn, láti òdì kejì ògiri, ohùn ọkùnrin kan nínú mégáfóònù. Iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń jáde nígbà tí àwọn Babáwálé ń sìnkú lọ́wọ́. Bí ìyá kan bá ti dé ẹnu géètì láti wá mú ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì á pe ọmọ náà: "Aaron! Aaron, mọ́mì ẹ ti dé o! Diamond! Gbé báàgì ẹ, mọ́mì ń dúró!" Fọlákẹ́ ti fẹ́ yọ ohùn yẹn. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ó fi í sílẹ̀.

Ó pe Ọ́ńkù Akin wá gbọ́ ọ kó tó di ọjọ́ náà. Ọ́ńkù Akin, tí kì í yé ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kò sí wàhálà. Ojú kò rí nǹkan kan. Èèwọ̀ kò sí nínú òkùnkùn." Ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀. Èèwọ̀ tí wọ́n mọ̀, èèwọ̀ ojú ni. Wọ́n ti di ojú ìyá, wọ́n gbàgbé pé etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ìyá wọ aṣọ àjọ̀dún ìjọ lọ sí gbọ̀ngàn yunifásítì. Ó jókòó sí àárín Fọlákẹ́ àti Ọ́ńkù Akin, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tó wọ mọ́tò èrò. Nígbà tí ohùn Súnkànmí kọ́kọ́ jáde, ó ta gìrì. Nígbà tí ojú rẹ̀ hàn nínú dígí, ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó ń sọ fún obìnrin tí kò mọ̀ rí níwájú rẹ̀ pé, "Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i." Obìnrin náà yíjú padà, ó kí i kú oríire. Fọlákẹ́ rò pé bí òun bá kú lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó kù láti ṣe láyé mọ́.

Nígbà náà ni òkùnkùn dé. Ṣọ́bìrì. Àdúrà. "Aaron! Mọ́mì ẹ ti dé o!" Fọlákẹ́ kò rí ojú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí èémí rẹ̀ dúró, tó pẹ́ kó tó tún mí. Nígbà tí wọ́n tan iná, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde. Dókítà Abórìṣàdé wá bọ ìyá lọ́wọ́. Ìyá ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ yìí." Wọ́n wọ mọ́tò padà sí Okota.

Inú yàrá ni ìyá ti tú gèlè, ó ká a, ó gbé e kalẹ̀.

"Fọlákẹ́, ọkùnrin tó ń pe àwọn ọmọ yẹn. Ṣé ibi tí ẹ sin ín sí lo ti gba ohùn rẹ̀?"

Fọlákẹ́ la ẹnu. Ìyá na ọwọ́ sí i kíákíá.

"Má dá mi lóhùn. Bó o bá dá mi lóhùn, o ti sọ fún mi nìyẹn." Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì Súnkànmí. "Lójoojúmọ́ ni mo ń fẹsẹ̀ gba ibẹ̀ lọ wọ mọ́tò Apakun. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọkùnrin yẹn. Èmi á sì máa yára kọjá, kí n tètè débi iṣẹ́."

Ọ́ńkù Akin gbá orí mú. Ó kọjú sí Fọlákẹ́, ó pariwo, "Ṣé o rí i! Ṣé ìwé tí o kà nìyí! Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ta ló fẹ́ kó o?" Ó ní kí wọ́n pe pásítọ̀. Ó ní kí ìyá máa gba ọ̀nà mìíràn lọ sí Apakun, kó má tún fẹsẹ̀ kan àdúgbò yẹn mọ́. Fọlákẹ́ wólẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá, ó ń sunkún, ó ń ní, "Mọ́mì, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ̀ pé ẹ máa mọ̀ ọ́n." Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Èsì jáde. Wọ́n ní iṣẹ́ Fọlákẹ́ ló dára jù lọ́dún yẹn. Ó kà á lórí fóònù, ó pa fóònù dé. Kí ni oríire bí ìyá ẹni kò bá jẹun? Ìyá ti pa ìsọ̀ tì, ó jókòó nílé bí àlejò. Fọlákẹ́ ṣẹ́pẹ́ fún ọjọ́ tó gbé kámẹ́rà jáde, ó ṣẹ́pẹ́ fún yunifásítì, ó ṣẹ́pẹ́ fún ara rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá dìde, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó gbé àwọn báàgì ọjà rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí Apakun. Fọlákẹ́ kò jẹ́ kó dá lọ, ó tẹ̀ lé e lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá wọ mọ́tò, òun náà wọ òmíràn. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gíga yẹn. Ìyá kò wo ògiri. Kò fọwọ́ kàn án. Ojú títì ló ń wò bí ẹni tó ń sá fún ilẹ̀kùn àna. Ó rìn títí ó fi dé ẹnu géètì iléèwé, ibi tí àwọn ìyá mìíràn tò sí, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì tò sẹ́yìn wọn.

Ọkùnrin oní-mégáfóònù ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ ń jáde, ìyá ń gbà wọ́n mú, wọ́n ń nu imú wọn, wọ́n ń bá wọn wí nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù. Ó kan ìyá Fọlákẹ́.

"Ẹ káàsán, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ta ni kí n bá yín pè?"

Fọlákẹ́ ti sún mọ́ wọn tó láti gbọ́. Ó fẹ́ sáré dé ibẹ̀ kó sọ pé ẹ má bínú, wọ́n ṣìnà ni, ṣùgbọ́n ìyá ti ń dá ọkùnrin náà lóhùn.

"Súnkànmí," ni ìyá wí.

Ọkùnrin náà gbé mégáfóònù sẹ́nu. Àdúgbò gbọ́ ọ, ògiri gíga yẹn gbọ́ ọ, òdì kejì rẹ̀ gbọ́ ọ. "Súnkànmí! Súnkànmí, mọ́mì ẹ ti dé o!"

Kò sí ọmọ tó jáde. Ó dúró díẹ̀, ó tún pè é. Àwọn ọmọ tó kù lórí bẹ́ǹṣì wo ara wọn lójú. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkùnrin náà. Ó sọ mégáfóònù kalẹ̀, ó tẹ̀ sí ìyá, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Mọ́mì, kò jáde o. Bóyá ó ń ṣeré lẹ́yìn. Ṣé kí n tún pè é?"

"Rárá, ọmọ mi, o ṣé," ni ìyá wí. Ó ti ń gbé ẹrù rẹ̀. "Ó ti gbọ́."